Bí mo ṣe ń ra ewúrẹ́ tó lóyún, tí mo sì ń gbé e délé tòun toyún

Oṣù márùn-ún péré ni ewúrẹ́ fi ń gbé oyún. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló rọ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ 150 ni. Ó lè fi bí ọjọ́ márùn-ún yá, ó sì lè fi bí ọjọ́ márùn-ún pẹ́. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí òbúkọ gun ewúrẹ́ ti mọ ìgbà tó lè gbé e kúrò nílé ẹni tó tà á, ó sì ti mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ dán an wò rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ńṣe ló ń fi owó ara rẹ̀ àti ẹ̀mí ẹran ta tẹ́tẹ́.

Fìdítì ni mo ń gbé, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, wàrà ewúrẹ́ ni mo sì ń tà. Ewúrẹ́ mọ́kànlá ni mò ń fún wàrà lára wọn báyìí. Kì í ṣe ewúrẹ́ kúkúrú tó ń rìn káàkiri àdúgbò wa. Ewúrẹ́ ilé wa yẹn lágbára, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni kì í tètè dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n wàrà tó wà lọ́mú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ọmọ rẹ̀ máa mu lọ. Èyí tí mò ń sìn ni ewúrẹ́ pupa Sókótó, tí àwọn ará ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ̀ ń pè ní Maradi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Awọ ara rẹ̀ yìí náà ni àwọn òyìnbó ń rà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní awọ Mòrókò, torí pé láti Mòrókò ló ti ń dé ọwọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Kánò àti Sókótó ló ti ń gba aṣálẹ̀ lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó máa rí ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń ra olóyún kò le. Tí mo bá ra ọmọ ewúrẹ́, ó máa tó ọdún kan àbọ̀ kí n tó rí wàrà. Olóyún ń fún mi ní wàrà láàárín oṣù méjì, ó sì tún ń mú ọmọ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí méjì tàbí mẹ́ta lẹ ń gbé nínú awọ kan ṣoṣo, ohun tó sì fi èyí yé mi, mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún 2018, mo ra mẹ́rin nínú ọjà Illela, lẹ́nu bodè Sókótó àti ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ̀. Alágbàtà tó bá mi dúnàádúrà búra pé oyún oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú gbogbo wọn. Orí àpò àlùbọ́sà ni wọ́n kó wọn sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn àti ẹran mìíràn tó tó ọgbọ̀n, ó sì di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó dé. Ọ̀kan nínú wọn kọ oúnjẹ. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó kọjú sí ògiri, ó ń wa eyín pọ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀: ó ń ta sánsán bí ọsàn tó ti rọ̀ jù tó ń kan lábẹ́ igi. Dókítà ẹran tí mo pè sọ fún mi pé oyún ti gbó, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, àti pé àìjẹun ojú ọ̀nà ló mú kí ara rẹ̀ máa yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ jẹ, ìyẹn ló sì di májèlé sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, oyún bàjẹ́ lára àwọn méjì. Àwọn ọmọ tó jábọ́ ti nírun lára. Oyún oṣù mẹ́ta kì í nírun bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ọ̀kan ló kù tó bí ọmọ kan ṣoṣo fún mi.

Láti ọdún náà ni mo ti yí ọ̀nà padà, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e

Ẹ má gbé ewúrẹ́ tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì. Oyún náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìpayà, ooru àti ebi ojú ọ̀nà lè mú kí ó yọ́ dànù láì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, ẹ ó kàn rí i pé ó tún ń wá akọ. Ẹ má sì gbé èyí tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó bí. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn yẹn ni ọmọ ń sanra jù nínú ìyá rẹ̀. Ìwọ̀n bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo tí a máa fi bí i, ìgbà yẹn ló ń kó o jọ. Ìyá ò gbọdọ̀ pebi fún ọjọ́ kan lásìkò náà.

Tí òbúkọ bá gùn ún ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ó yẹ kó bí ní nǹkan bí ọjọ́ 29 oṣù kejìlá. Mo lè gbé irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí ó bí síbi tó wà, kí n wá mú òun àtọmọ lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi ń jẹ́ kó pẹ́ jù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó. Wàrà àkọ́kọ́ tí ewúrẹ́ máa fún ọmọ rẹ̀, èyí tó ki tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ ni ààbò wà. Ààbò tí ara ìyá sì lè kó sínú wàrà yẹn ni ti àwọn àìsàn tó ti bá pàdé. Tí ewúrẹ́ bá dé Fìdítì lónìí tó bí lọ́la, ààbò ti ibi tó ti ń bọ̀ ló máa fún ọmọ, àwọn kòkòrò àìsàn tó wà nínú ọgbà mi yóò sì bá ọmọ náà ní ìhòòhò. Ó yẹ kí ìyá ti gbé ọ̀dọ̀ mi fún oṣù kan ó kéré tán kó tó bí, kí ara rẹ̀ lè mọ ilé.

Ní ti àkókò inú ọdún, oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti wu ẹ̀pà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ kì í sì rì. Nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò kì í ra ẹran rárá: owó máa ń gbéra, ọkọ̀ sì máa ń kún fọ́fọ́.

Ibi tí mo ti ń rà á

Ẹ má ra olóyún nínú ọjà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún, ibẹ̀ sì ni kàtá, àìsàn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, ti ń ran ẹran látara ara wọn. Kí ló dé tẹ́nì kan fi ń fa ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ lọ sọ́jà? Nígbà mìíràn owó ilé ìwé ọmọ ni. Nígbà mìíràn ó ti rí i pé oyún máa ń bàjẹ́ lára ewúrẹ́ náà lọ́dọọdún ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sójú ọjà ò lè mọ èyí tó jẹ́.

Ilé ẹni tó ń sìn ín ni kẹ́ ẹ lọ. Èmi máa ń lọ sí àwọn gàá Fúlàní tó wà yí Ṣakí ká. Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ pẹ́, wọ́n gbọ́ Yorùbá bí èmi àtẹ̀yin, ewúrẹ́ pupa sì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn. Àwọn obìnrin ló ni wàrà nínú gàá, torí náà àwọn ló mọ ewúrẹ́ tó ní wàrà lọ́mú. Àǹfààní kejì ni pé àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyí ti rí òjò Òkè-Ògùn, eégbọn ibẹ̀ ti jẹ wọ́n, ara wọn ti mọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nílẹ̀ wa. Ewúrẹ́ pupa tó bá ti Sókótó bọ́ sí Fìdítì tààrà kò mọ nǹkan kan nípa eṣinṣin tsetse, kò sì ní agbára ewúrẹ́ kúkúrú láti fara dà á.

Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti Hàjíà kan ti ń ra, tí a ń tà. Àdéhùn wa ni pé kó máa so òbúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì máa fi èédú fa ìlà sára ògiri búkà wọn lọ́jọ́ tó bá tú u sí ewúrẹ́ kan. Mò ń san ju iye ọjà lọ fún ìlà yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń san án.

Ṣé ó lóyún lóòótọ́?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń dé Ṣakí, kí n lè dé gàá ní ìdájí, kí ẹran tó jẹun. Ewúrẹ́ tó ti yó máa ń wú bí olóyún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń po iyọ̀ mọ́ èérí bàbà fún un kó lè mu omi yó kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé. Apá òsì ni àpò oúnjẹ ewúrẹ́ wà. Oyún máa ń sọ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo dé, Hàjíà ti so ewúrẹ́ kan mọ́ ẹsẹ̀ igi ẹmi, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá Oníwàrà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wo èyí tí mo sọ fún yín.”

“Ẹ kú àárọ̀, Hàjíà. Ọjọ́ mélòó ló ti tó?”

“Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ dín méjì. Ẹ kà á lára ògiri.”

Mo ka ìlà. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ewúrẹ́ náà. Mo jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóòórùn mi kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Mo wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ inú rẹ̀, níwájú ọmú díẹ̀, mo rọra gbé e sókè bí ẹni ń wọn ìrẹsì, mo sì dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò gbọ̀n ọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan ju èémí rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ohun líle kan, tí kò ju ọmọ àgbọn kékeré lọ, rọra fò kúrò lórí ìka mi, ó sì tún padà wá kàn mí. Mo tún dúró. Òmíràn tún kàn mí lókè díẹ̀. Bí oyún bá ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ọwọ́ tó ní sùúrù máa ń rí i. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀rọ tí dókítà ẹran fi ń wo inú ló dájú, láti ọjọ́ 45 lọ sókè. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nítòsí. Àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún ní ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó.

Ẹ má fi ọmú nìkan dájọ́. Ọmú ewúrẹ́ tó fẹ́ bí àkọ́bí lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti ìyá ọlọ́mọ lè má kún títí tó fi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ọmú bá ti kún tó ń dán, ó ti pẹ́ jù láti gbé e.

Ara ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ ya ẹnu rẹ̀ wo. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí: eyín ńlá méjì láàárín, ó ti lé lọ́mọ ọdún kan; mẹ́rin, ó ń lọ sí ọdún méjì tàbí ó lé díẹ̀; mẹ́fà, nǹkan bí ọdún mẹ́ta; mẹ́jọ, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Èmi fẹ́ràn eléyín mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tó ti bímọ rí. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀: tí inú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, tó bá funfun bí òwú, aràn ti mu ún gbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ọmú rẹ̀. Orí ọmú méjì ló yẹ kó ní, kí ọmú náà rọ̀, kí ó má sí kókó nínú rẹ̀, kí apá kan má sì gbóná ju èkejì lọ. Ẹ ní kí wọ́n fún wàrà ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ lójú yín tó bá wà níbẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo imú, ẹ wo ìdí bóyá ìgbẹ́ gbuuru lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń ní kí dókítà ẹran gbà á láti fi yẹ brucellosis wò, torí àìsàn yẹn wà lára olórí ohun tó ń ba oyún ewúrẹ́ jẹ́, ó sì tún ń ran èèyàn. Èmi tí mò ń ta wàrà fáwọn aráàlú, mi ò lè fi ìyẹn ṣeré. Wàrà tí mò ń tà, mo máa ń sè é kó hó kó tó kúrò nílé mi, bí èsì ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kàtá tún ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò ni kí wọ́n gún un, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e. Vom, lẹ́bàá Jos, ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀yà kòkòrò tí wọ́n sì fi ń ṣe é ń jẹ́ Nigeria 75/1, torí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1975. Òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà fi ń gba ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn là. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Kì í ba oyún jẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tutù láti Vom títí dé ara ẹran. Èyí tó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, omi lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá máa fún un lóògùn gbọ́ lẹ́nu yín pé ó lóyún. Oògùn aràn tó ń jẹ́ albendazole kò dára fún oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró nínú oṣù kìíní. Dexamethasone tí àwọn kan ń gún ẹran tó bá ti rẹ̀ lè mú kó bímọ láìtọ́jọ́.

Owó àti àdéhùn

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ni mo máa ń san lọ́jọ́ tí mo bá mú ẹran. Ìyókù di ọjọ́ tó bá bí. Tí oyún bá bàjẹ́ nítorí àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò san án. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, mo san gbogbo rẹ̀. Hàjíà ló sọ àbá yìí, kì í ṣe èmi. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ ìlà ògiri, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti èsì ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìrìnnà ẹran láti ọ́fíìsì dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ náà máa ń wà lọ́wọ́ mi kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ojú ọ̀nà

Ẹ má so ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jù ú sí bùútù, ẹ má gbé e sórí bọ́ọ̀sì. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó máa ń dùn mí.

Hilux ni mo máa ń háyà, ẹran márùn-ún ni mo sì ń kó sẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́jọ lè wọ̀ ọ́. Olóyún gbọ́dọ̀ lè dùbúlẹ̀ láì sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ nínú. Mo máa ń da yanrìn sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má yọ̀, mo sì ń tẹ́ koríko gbígbẹ lé e. A máa ń fi igi àti tapólì ṣe òrùlé sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa ń ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Mi ò kì í kó òbúkọ mọ́ wọn. Mi ò sì kì í ra ẹyọ kan ṣoṣo: ewúrẹ́ tó dá wà máa ń ké títí tí kò fi ní jẹun, méjì tó ti mọ ara wọn láti ilé máa ń fara balẹ̀ jẹun.

Kí wọ́n tó gbéra, mo ń fún wọn ní koríko àti omi, kì í ṣe ọkà. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń kúrò ní Ṣakí. Awakọ̀ tí mo ń pè, Alfa là ń pè é, ó ti mọ̀ mí báyìí. Níjọ́ àkọ́kọ́, mo ní, “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, aboyún ni mo gbé o.” Ó wẹ̀yìn, ó ní, “Ìyá, ìyàwó mi náà wà nínú rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wa aboyún.” Lóòótọ́, bó ṣe ń wọ kòtò, bí ẹni ń wọ inú omi tútù ni. A máa ń dúró ní Ìsẹ́yìn lábẹ́ ibòji, a fún wọn lómi, mo wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú, a tún gbéra, ó di Ọ̀yọ́, ó di Fìdítì. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni, torí a kì í sáré.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Sókótó ni ẹ gbọ́dọ̀ ti rà á, ẹ máa gba Yáwúrì, Kòntàgórà àti Mọ́kwà kẹ́ ẹ tó sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, lẹ́yìn náà Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má ṣe é ní ìrìn ọjọ́ kan. Òru tutù fún ẹran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kò ṣeé rìn lóru nítorí àwọn agbébọn, ẹ̀mí yín ló ṣáájú. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti lè sọ̀ kalẹ̀ sùn, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò mì. Omi ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, koríko níwájú wọn nígbà gbogbo. Ẹ gba ọkọ̀ tiyín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n kún ẹrù ẹlẹ́rù.

Nígbà tí wọ́n bá délé

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà koríko gbígbẹ. Mi ò kì í fún wọn ní èérí tàbí ọkà lọ́jọ́ náà.

Àpò oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nílé ẹni tó tà wọ́n gbọ́dọ̀ bá wọn wá. Hàjíà máa ń di àpò ewé ẹ̀pà méjì fún mi. Inú ewúrẹ́ dà bí ìkòkò ògì tí nǹkan ń kan nínú rẹ̀. Ohun tó ń kàn án mọ oúnjẹ tó ti ń bá ṣiṣẹ́, ẹ ò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lójijì. Mo máa ń fi oúnjẹ tèmi pò mọ́ tiwọn díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá: ewé àgúnmánìyẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, èèpo pákí tó kún ọwọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Èèpo pákí yẹn gbọ́dọ̀ ti gbẹ nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Èèpo tútù ní májèlé nínú, ó ti pa ẹran ẹlòmíràn ládùúgbò wa kí ẹlẹ́ran tó fọ ọwọ́ tán.

Ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ ẹran tó wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni tèmi máa ń dá wà, ní búkà tí ọgbà wà láàárín rẹ̀ àti ti àwọn yòókù, pẹ̀lú korobá tiwọn. Àwọn ni mo ń tọ́jú kẹ́yìn láàárọ̀, mo sì máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wọn. Tí kàtá bá wà lára wọn, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ló máa ń yọjú: ikun imú, ojú tó ń ṣe ipin, egbò nínú ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbóná. Ìgbóná ara ewúrẹ́ máa ń wà ní 38.5 sí 39.5, tó bá ti kọjá 40 nígbà tí oòrùn ò mú, mo ń pe dókítà. Ìdí kejì tí wọ́n fi ń dá wà ni ìwo. Ewúrẹ́ onílé kì í fẹ́ àlejò, ìwo kan péré sí ẹ̀gbẹ́ inú lè ba oyún jẹ́. Olóyún kì í wọ àárín agbo mi títí yóò fi bí.

Tí oyún bá bàjẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yìí, ẹ má fọwọ́ lásán kan ọmọ tàbí ibi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú díẹ̀ fún dókítà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ri ìyókù mọ́lẹ̀ kó jìn, ajá ò sì gbọdọ̀ débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn, mo ń fi ọkà kún oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan láàárọ̀, títí yóò fi di mẹ́ta. Bí ọmọ ṣe ń tóbi ni àyè oúnjẹ ń dín kù nínú ìyá, torí náà ohun tó bá jẹ gbọ́dọ̀ lágbára. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n mọ́ mi.

Ewúrẹ́ tí mo kúnlẹ̀ tì lábẹ́ igi ẹmi yẹn, Olósùn ni mo sọ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 151 lára ìlà ògiri, egungun ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ọmú rẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun, ó ń wa ilẹ̀, ó ń dìde, ó ń jókòó. Ẹsẹ̀ iwájú méjì ló kọ́kọ́ yọ, imú sì sinmi lé wọn, bó ṣe yẹ kó rí. Ká ní ó ti ń fi agbára rọbí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí nǹkan kan ò yọ ni, mi ò bá ti pe dókítà. Èkejì jáde kí n tó nu imú àkọ́kọ́ tán. Mo ti ìwọ́ wọn bọ inú áódíìnì, mo gbé wọn sí ọmú láàárín wákàtí kan, ibi sì bọ́ kó tó di ọ̀sán. Mi ò fún wàrà rẹ̀ títí di ọjọ́ karùn-ún. Tàwọn ọmọ ni gbogbo èyí tó wà ṣáájú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bí ni mo pe Ṣakí.

“Hàjíà, Olósùn ti bí o.”

“Alhamdulillahi! Mélòó?”

“Méjì. Abo làwọn méjèèjì.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí, torí ìyá Olósùn ní in, ewúrẹ́ yẹn ló sì ní wàrà jù nínú gàá wọn. Mo gbé iná sókè, mo wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Mo ní ọ̀kan ní in, kò tó eékánná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má tà á. Mo fi owó tó kù ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo sì lọ pọn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún Olósùn.